Ẹgbẹ̀ta Ebè ní Oko Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Yàrá Kẹta,
Ilé Alàgbà Àríyọ̀,
Ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù,
Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Mujeebat mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìlọrin? Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fi í sílẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run Ọba kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, nítorí pé ó gùn, n kò sì ní tọrọ àforíjì fún gígùn rẹ̀. Ní tèmi, ara mi le bí òkúta Ìgbẹ́tì. Wo àdírẹ́sì tó wà lókè yẹn dáadáa. Kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ọkọ mi nìyẹn! Mo ti lọ́kọ, Mujeebat! Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan lónìí, mo sì ṣì máa ń jí láàárọ̀ kí n fọwọ́ kan ògiri láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè ìdí tí n kò fi sọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ṣé o rántí àdéhùn wa ní kíláàsì tó kẹ́yìn, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé-ìwé? A ní ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ọkọ nínú wa yóò kọ lẹ́tà gidi sí ẹnì kejì, lórí pépà tó nílà, bí olùkọ́ Yorùbá wa ṣe kọ́ wa. Mo ti mú àdéhùn ṣẹ. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó ìsọ̀ ìránṣọ rẹ nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀, o pè mí, o ní, "Misturat, ó jọ pé Ọlọ́run ti gbàgbé àdírẹ́sì mi." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí n tó lè fèsì. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gún mi níkùn. Lẹ́tà yìí ni èsì rẹ̀. Bí o bá sunkún níbi tí o ti ń kà á, ìyẹn kàn ọ́ o, ẹ̀rín ni mò ń rín níbi tí mo ti ń kọ ọ́.

O wà níbi ìsìnkú bàbá mi, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn gùn. Ohun tí o kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la tẹ́ ẹní sí fún un, torí yàrá gbóná. Mo jókòó tì í, mo ń sunkún pé ètò ilé-ẹ̀kọ́ mi ti dàrú, ohun gbogbo ti dàrú. Ó la ojú, ó ní, "Misturat, ohun tó bá fẹ́ yí padà, jẹ́ kó yí. Ẹni tó ń yí i kò yí padà." Ó ní kí n fún òun lómi. Gbogbo ogún tí mo jẹ nìyẹn, pẹ̀lú ọkọ́ kan tó wà lórí àjà. Máa rántí ọkọ́ náà, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

A kò tíì ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán tí obìnrin méjì fi wá láti ilé ọkùnrin yẹn tó ní òun máa fẹ́ mi. O mọ ẹni tí mò ń wí. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà ayọ̀ mi. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi wa, wọ́n kí ìyá mi kú ọ̀fọ̀, wọ́n wá ní ọmọ àwọn ti rí ẹlòmíràn ní Ìbàdàn. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò kò rọ̀ lánàá ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ, wọ́n lọ. Ẹní tí ìyá mi ti rà fún ilé ọkọ mi wà nínú yàrá tó dúró ti ògiri, ó ń wò wá.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu ti ń jẹ mí ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Èyí tó le jù ni ti Ìyá Motúnráyọ̀, ará ilé kejì wa. Ó ní orí mi ló ń lé ire. Bàbá lọ, ilé-ìwé lọ, ọkọ lọ. Ó wá bá ìyá mi, ó ní ẹnìkan wà ní apá Adó-Àwáyè tó máa ń wẹ orí fún ọmọbìnrin, ká lọ ṣe é kó tó pẹ́ jù. Ìyá mi kò tíì dáhùn tí mo ti yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ o, mo kí i dáadáa. Mo wá ní, "Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n orí mi kò dọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń fi omi àlùwàlá pa á." Mujeebat, ó wò mí bí ẹni pé adìyẹ sọ̀rọ̀!

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Ismaheel dé. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni, katakata ló ń wà fún ẹnìkan ní Ṣakí níbí. Ó wá tu ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ìyá mi. Nígbà tí àkókò Alásàrí tó, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun lómi àlùwàlá. Mo gbé e fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, àǹtí." Mo ní, "Èmi kì í ṣe àǹtí yín." Ó ní, "Kí ni kí n máa pè yín nígbà náà?" Mo ní, "Ẹ kírun ná." Ó kírun. Ó tún padà wá béèrè ìbéèrè kan náà. Ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń fi wákàtí méjì tu, ọjọ́ méjì ló fi tu tiwa.

Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọwọ́ Bàbá Ìyápọ̀ ni gbogbo nǹkan wà. O rántí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ga, tí ohùn wọn dà bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Níwọ̀n ìgbà tí bàbá mi kò sí mọ́, àwọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n fi mí fọ́kọ kí Lèmọ́ọ̀mù tó lè so yìgì. Láìsí wọn, kò sí ìgbéyàwó. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní ká sá lọ sí Ṣakí, ká wá ẹlòmíràn tí yóò dúró. Mo kọ̀. Kí ló dé tí n ó fi jí ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fún mi ní gbangba?

Ismaheel wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Ìyápọ̀ fetí sílẹ̀ títí, wọ́n wá bi í pé, "Kí ni iṣẹ́ rẹ?" Ó ní, "Katakata ni mò ń wà, sà." Wọ́n ní, "Ṣé orí ìjókòó lo ti ń ṣe é?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ ná. Irú ọkùnrin wo ló ń jókòó ro oko?" Gbogbo ilé fi ẹ̀rín sí i. Wọ́n wá ní nínú ilé wa, ilé Ládòkun, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ yóò kọ́kọ́ bẹ ọ̀wẹ̀ fún àna. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò kó wá, ọkọ́ ni wọn yóò fi kọ ebè, kò gbọdọ̀ sí ariwo ẹ́ńjìnnì. Ẹgbẹ̀ta ebè lórí ilẹ̀ àwọn tó wà lẹ́bàá odò. Kó parí kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó mọ́. Bí ó bá pé, àwọn yóò fi mí fún un. Bí kò bá pé, kí ó máa lọ sí Ìgbẹ́tì, kí ó lọ máa jókòó.

Ta ló tún ń bẹ ọ̀wẹ̀ àna láyé ìsinsìnyí? Kò sí ẹni tó bi ọkọ ọmọ Bàbá Ìyápọ̀ gan-an léèrè ebè kan. Ṣùgbọ́n Ismaheel kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi oko hàn òun. Wọ́n ní, "Ẹni tó mọ ọ̀nà ilé àna yóò mọ ọ̀nà oko rẹ̀." Wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ṣe di pé èmi ni mo júwe rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ṣé o mọ igi igbá ńlá tó dá dúró lẹ́bàá odò? Bí o bá ti dé ìdí rẹ̀, ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni tiwa." Ó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí ó má bàa gbàgbé.

Gbọ́ àṣìṣe tí mo ṣe. Láti kékeré ni bàbá mi ti máa ń mú mi gba ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀bá odò lọ sóko. Bí a bá dé ìdí igi igbá náà láti ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀ wa. Ismaheel àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun ọ̀kadà láti Ṣakí, ojú ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n gbà. Òdì kejì igi ni wọ́n já sí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni ọwọ́ òsì mi! Ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, ti Bàbá Débọ́lá ni, ẹni tí òun àti Bàbá Ìyápọ̀ kò kíra wọn láti ọdún mẹ́sàn-án nítorí ààlà àti ẹni tó ni èso igi igbá yẹn tí wọ́n fi ń ṣe irú. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n títí tó fi kú, wọn kò gbọ́. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti jó pèrègún tí wọ́n fi pààlà mọ́ koríko. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ilẹ̀ méjèèjì dúdú bákan náà, wọ́n sì hu koríko tútù bákan náà. Kò sí ohun tí àlejò lè fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ọjọ́rú ni. Àwọn méjìlá ló wá. Ẹ̀yin ará Ìlọrin ì bá rẹ́rìn-ín: onígbàjámọ̀, télọ̀, ọlọ́kadà, ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe. Èmi àti ìyá mi jí se iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fi ẹtù mẹ́ta sè, a gbé e rù, a gba ọ̀nà odò. Nígbà tí a dé, mo wo ilẹ̀ wa. Kò sí ènìyàn kankan lórí rẹ̀. Kò sí ebè kankan. Mo wá gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń kọrin, tí wọ́n ń pariwo ẹ̀rín, láti òdì kejì igi. Ẹsẹ̀ mi dúró.

Ismaheel rí wa, ó na ọkọ́ sókè, eruku bo gbogbo ojú rẹ̀ àfi eyín. Ó kígbe pé, "Misturat, wò ó! Ó ku ogún péré!" Ìyá mi sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ní, "Yéè." Mo ní, "Ismaheel, tiwa kọ́ nìyí." Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ tiwa kọ́?" Mo ní, "Ti Bàbá Débọ́lá ni." Onígbàjámọ̀ jókòó sílẹ̀ lórí ebè. Télọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká tú u ká! Ká tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ kó tó rí i!" Ọlọ́kadà kan sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Ismaheel wo ẹgbẹ̀ta ebè tó ku ogún yẹn. Ó wá ní, "Ẹ dìde. Ẹ parí ogún tó kù. Iṣẹ́ tí mo fi Bìsìmílà bẹ̀rẹ̀, n kò ní fi ìlàjì rẹ̀ sílẹ̀ torí pé kò já sí ibi tí mo fẹ́." Mujeebat, bí n kò bá ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n parí rẹ̀, wọ́n jẹ oúnjẹ wa tán, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, a wà níwájú Bàbá Ìyápọ̀. Wọn kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ ebè fún ọ̀tá mi ló tún fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, èmi ni mo júwe rẹ̀." Wọ́n ní, "Ẹ ò rí nǹkan. Aṣìnà kan fẹ́ aṣìnà kejì. Ta ni yóò mú àwọn ọmọ dé ilé?" Àwọn ará ilé tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Jímọ̀ ni àwọn wí, Jímọ̀ kò sì yẹ̀. Mo rí i pé ojú ìyá mi ti ń pọ́n. Mo ní, "Kò burú, sà. Ọ̀la ṣì wà." Wọ́n ní, "Ènìyàn mélòó ló kù fún yín lọ́la?" Mo ní, "Ọlọ́run wà, sà." Wọ́n ní, "Ṣé Ọlọ́run ni yóò gbé ọkọ́?" Mo kí wọn pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, mo gun àpótí, mo gbé ọkọ́ bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Ìyá mi rí mi. O mọ̀ pé obìnrin kì í kọ ebè iṣu nílé wa, àgàgà ìyàwó lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ ara rẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa dí mi lọ́nà ni. Rárá o. Wọ́n ya aṣọ àtijọ́ kan sí méjì, wọ́n fi wé ọwọ́ mi ọ̀tún, wọ́n fi wé ti òsì, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ismaheel ti wà níbẹ̀, òun nìkan. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó láti àná, ó fi apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé e, èèkù ọkọ́ rẹ̀ sì ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Ó rí mi, ó ní, "Padà sílé, jọ̀ọ́. Kí ni wọ́n máa sọ?" Mo ní, "Ohun tí wọ́n ti ń sọ náà ni. Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó sún. Èmi Misturat, mo kọ ebè! Méjì àkọ́kọ́ dà bí orí ẹni tó sùn lé ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀kẹta dára. Nígbà tó yá ó di ìjà láàárín èmi àti ilẹ̀, n kò sì gbà fún un.

Àárín ìgbà yẹn ni Ìyá Motúnráyọ̀ ń kọjá lọ sóko rẹ̀. Ó dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Háà! Ìyàwó ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè ìdána ara rẹ̀! Ṣé o kò rò pé ó ti tó? Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ lánàá, ẹ kò gbọ́." Mo nà ró. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná. Ẹ bá wa ka ebè bí ẹ ti ń lọ." Ó pòṣé, ó lọ.

N kò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ebè tiwa méjèèjì kò ju ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ lọ. Ó ku nǹkan bí ọ̀rìnlénírinwó. Ismaheel kírun nídìí igi igbá, èmi náà kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè mi, lórí ilẹ̀ lásán. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, n kò mọ àdúà tí mo fẹ́ ṣe mọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Olúwa mi, èmi ni mo ṣìnà. Ìwọ kò ṣìnà. Ibi tí O bá fẹ́ kí n já sí, n ó fi ẹsẹ̀ mi rìn débẹ̀." Mo dìde. Ojú ọ̀run kò ṣí o. Ẹnikẹ́ni kò dé. A gbé ọkọ́, a tún kọ mẹ́jọ sí i.

Orí ìkẹsàn-án ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ́ tó ń kan ọkọ́. Mo wòkè. Bàbá Débọ́lá ni, pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn mẹ́rin àti àbúrò wọn méjì, oníkálùkù gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Wọ́n dúró lẹ́nu ààlà tí wọn kò ré kọjá láti ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n wo Ismaheel, wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ ebè sórí ilẹ̀ mi?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ forí jì mí, sà, mo ṣi ilẹ̀ mú ni." Wọ́n ní, "Ebè dáadáa ni. Ta ló kọ́ ọ?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọkọ́ Mákánjúọlá nìyẹn." Orúkọ bàbá mi, Mujeebat. Ẹnu ẹni tí n kò gbọ́ kó pe orúkọ ẹnikẹ́ni nílé wa rí ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ní, "Òun ni, sà." Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ré ààlà kọjá, àwọn ọmọ wọn tẹ̀lé wọn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ta ló sáré lọ sọ fún Bàbá Ìyápọ̀ pé ọ̀tá wọn ti wọ ilẹ̀ wọn? Ìyá Motúnráyọ̀ kan náà ni! Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ tó fi sáré yẹn, wọn ì bá má wá. Wọ́n dé lórí ọ̀kadà, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ta ló pè ọ́ sórí ilẹ̀ mi?" Bàbá Débọ́lá kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ́kọ́ rán ènìyàn sórí tèmi. Ẹgbẹ̀ta ebè! Ṣé o fẹ́ kí n jẹ òógùn ọmọ ọlọ́mọ gbé ni? Ta ló rí mi kí n ṣe bẹ́ẹ̀ rí?" Bàbá Ìyápọ̀ ní, "Èmi kò rán ẹnikẹ́ni sí ọ." Bàbá Débọ́lá nà ró, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Èmi náà kò pè wọ́n. Ó yá, ta ló rán wọn?"

Mo ti fi ìbéèrè àná pa mọ́, mo sì fẹ́ kó jáde. Ó wà ní orí ahọ́n mi pé, "Bàbá, ṣé ẹ rí ẹni tó gbé ọkọ́?" Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, mo gbé e mì. Bàbá Ìyápọ̀ wo Bàbá Débọ́lá. Wọ́n wo igi igbá. Wọ́n wo ọkọ́ àbúrò wọn lọ́wọ́ mi, aṣọ tó wé ọwọ́ mi, ebè mi méjì àkọ́kọ́ tó wọ́. Wọ́n wá ní, "Misturat, kí lẹ sè?" Mo ní, "A kò se nǹkan kan, sà. Àná la se gbogbo rẹ̀." Wọ́n ní, "Ẹ bẹ ọ̀wẹ̀ sórí ilẹ̀ mi, ẹ kò se nǹkan kan? Kí ẹ lè bà mí lórúkọ jẹ́ lójú ọkùnrin yìí?" Wọ́n yí padà, wọ́n gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀kọ àti wàrà ló kún àpò, agbè ọbẹ̀ wà láàárín itan wọn lórí ọ̀kadà, ọbẹ̀ ti dà sí agbádá wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bù ú, Bàbá Débọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ bu fún. Wọn kò sọ pé àwọn tọrọ àforíjì, ẹnì kejì kò sì sọ pé òun dárí jì. Wọ́n kàn jọ ń bá àwọn ọmọ jiyàn pé ebè ayé ìsinsìnyí ti kéré jù. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ku ebè kan ṣoṣo kó pé ẹgbẹ̀ta. Bàbá Ìyápọ̀ gba ọkọ́ bàbá mi lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá ni Lèmọ́ọ̀mù so yìgì wa. Nígbà tí wọ́n béèrè àwọn ẹlẹ́rìí, Bàbá Ìyápọ̀ na ọwọ́ sí Bàbá Débọ́lá, wọ́n ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni yìí. Òun ló mọ iye ebè." Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi gbé mi lọ sílé ọkọ? Katakata! Ismaheel fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, a tẹ́ ẹní sínú rẹ̀, ẹní tó ti dúró ti ògiri yẹn, Mujeebat, òun gan-an! Nígbà tí a fẹ́ gbéra, Bàbá Ìyápọ̀ ní àwọn yóò sìn wá dé Ṣakí. Wọ́n gòkè. Wọ́n wá ibi tó dára, wọ́n jókòó. Ọkọ mi bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ jókòó dáadáa?" Wọ́n ní, "Máa wà á, jàre!" A dé iwájú ilé Ìyá Motúnráyọ̀, mo ní kó rọra. Ó rọra. Mo dìde dúró nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, mo tẹríba, mo kí i, mo ní, "Ẹ bá wa yọ̀, mà!" Ó ní, "Háà, mo yọ̀, ọmọ mi." Ó rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá dénú ni. Ọlọ́run mọ̀.

Ó yá, èsì rẹ nìyí. O ní Ọlọ́run ti gbàgbé àdírẹ́sì rẹ. Èmi kò gbà. Mo kọ̀ ọ́. Èmi tí mo mọ oko bàbá mi láti kékeré ni mo júwe rẹ̀ tí ó fi bọ́ sí òdì kejì, òdì kejì náà sì ni ìrànlọ́wọ́ mi ti wá. Bí wọ́n bá ti bọ́ sí ibi tí mo fẹ́, ebè ì bá pé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjì yẹn ì bá kú láìkíra wọn, bàbá mi ì bá sì ti bẹ̀bẹ̀ lásán. N kò sọ pé kí o má sunkún nítorí ìsọ̀ rẹ. Èmi náà sunkún. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o sunkún kí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Gbé ẹ̀rọ rẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ. Máa rán. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún ọ pé Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀, sọ fún un pé kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun gbogbo ló yí padà fún mi lọ́dún mẹ́ta yìí: bàbá, ilé-ìwé, ọkọ tí mo rò pé mo ní, àní ọwọ́ ọ̀tún pàápàá yí padà di òsì. Ẹni tó ń yí i kò yí padà.

Kí Ọlọ́run tó fi ọ̀nà mi hàn mí láti ẹ̀yìn fi tìrẹ hàn ọ́ láti iwájú. Kí ó fún ìyá rẹ ní ẹsẹ̀ tó le, kí ó fún ọ ní ìsọ̀ tí katakata kankan kò ní lè wó, àní ti ọkọ mi. Kí ayọ̀ mi ran ọ́ kí ó má mọ ìwòsàn. Ismaheel kí ọ, ó ní òun ti gbọ́ orúkọ rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi rò pé o ń bá wa gbélé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí àga kan náà,
Misturat, ìyàwó Ismaheel.

Àfikún: Bàbá Débọ́lá ti gbin iṣu sórí ẹgbẹ̀ta ebè yẹn, wọ́n sì ní ìlà tó sún mọ́ igi igbá jẹ́ tèmi. Nígbà tí iṣu bá ta, wá bá mi wa á. Bàbá Ìyápọ̀ ti ń sọ fún gbogbo àlejò báyìí pé àwọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rán Ismaheel sí òdì kejì. Má ṣe jiyàn pẹ̀lú wọn o. Má sì dààmú láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi, o ti rí bí mo ṣe ń júwe. Bí o bá gba ọ̀nà odò, o dára. Bí o bá gba ojú ọ̀nà mọ́tò, o dára. Ṣáà ti dé ìdí igi igbá náà, kí o yà sí ọwọ́ tó bá wù ọ́. Èyíkéyìí tí o bá yà sí, wọ́n á bu oúnjẹ fún ọ.